Kóòṣì Ìlera Níbi Iṣẹ́: Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Gan-an, Ta Ló sì Wúlò Fún?

Tó bá ti di oṣù kọkànlá báyìí, tí àwọn ilé iṣẹ́ l'Amẹ́ríkà níbí bá ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí kálukú wá yan ìnṣọ́ránsì tó fẹ́ lò lọ́dún tó ń bọ̀, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti wà nídìí ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́, torí náà àwọn ará ilé, àwọn tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àní ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi pàápàá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n á ní, "Àǹtí, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé mo lè gba health coach lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹnì kan á máa pè mí lórí fóònù, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi ò le kí wọ́n lè wá ọgbọ́n lé mi dànù?" Òmíì á ní òun ní dókítà, kí lòun tún fẹ́ fi kóòṣì ṣe. Òmíì ti forúkọ sílẹ̀ torí wọ́n ní àwọn á dín owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀ kù, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pè é, kì í gbé e. Ó ń dùn mí, torí ohun tó lè ran àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ gan-an ni wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn.

Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ rú. Tí Yorùbá bá ti gbọ́ kóòṣì, akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa wá sí wa lọ́kàn, ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, tó ń sọ ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa jáde. Kóòṣì ìlera ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í ṣe dókítà, kò lè sọ fún yín pé àìsàn báyìí ló ń ṣe yín, kò gbọ́dọ̀ kọ oògùn, kò sì gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ fi oògùn tí dókítà kọ fún yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá bá èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pàdé, ẹ sá fún un. Kì í ṣe onímọ̀ oúnjẹ tó máa la ohun tẹ́ ẹ máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ sílẹ̀ fún yín. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú èèyàn, ìyẹn ní nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́.

Iṣẹ́ kóòṣì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti dókítà parí sí. Dókítà ní kẹ́ ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dáhùn pé "yes sir", ẹ délé, ọbẹ̀ ti wà ńlẹ̀, máàgì ti wà nínú ẹ̀, ọmọ ń sunkún, aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ máa wọṣẹ́, báwo wá lẹ ṣe fẹ́ dín iyọ̀ ọ̀hún kù? Ibẹ̀ gan-an ni kóòṣì ti ń wọlé, á máa fi ìbéèrè ràn yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè rí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹ tiẹ̀ ṣírò ẹ̀ wò: tẹ́ ẹ bá rí dókítà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, wákàtí kan péré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Àwọn wákàtí tó kù yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ wà ńbẹ̀, ẹ̀yin àti ìkòkò ọbẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fetí ara mi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Maryland, ọmọ bàbá kan náà ni wá, iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní warehouse. Nígbà tí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò fún wọn níbi iṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ga, ó wà ní 158 lórí 96, bẹ́ẹ̀ ó ti ní oògùn ìfúnpá nílé o, ọjọ́ tó bá rántí ló ń lò ó. Wọ́n fún un ní kóòṣì, obìnrin kan ni, ó ń pè é lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Lọ́jọ́ Sátidé kan a jọ wà nínú mọ́tò, èmi ni mò ń wà á, a ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ni ìpè yẹn bá wọlé. Ó sọ fún obìnrin náà pé àbúrò òun wà ńtòsí, ó béèrè bóyá kò burú, ìyẹn ní tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn kò sí wàhálà, ló bá gbé fóònù sí sípíkà.

Obìnrin yẹn ò kọ́kọ́ béèrè nípa ìfúnpá rárá. Ó ní, "Kí ló lọ dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?" Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa ṣàlàyé bí òru ẹ̀ ṣe ń rí, láti ìgbà tó bá ti wọṣẹ́ títí dìgbà tó máa délé. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé aago mẹ́ta òru làwọn máa ń gba bíréékì, pé núdùsì lòun máa ń gbé sínú maikirowéèfù, ọ̀rá méjì, òun á tú èròjà inú ọ̀rá kékeré méjèèjì sí i, òun á wá fi énájì dírínkì kan tì í lẹ́yìn kóorun má bàa gbé òun lọ. Mo wo ojú ẹ̀ nínú dígí. Nọ́ọ̀sì ni mí, gbogbo ẹnu ló ń yún mi láti sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ fi núdùsì yẹn sílẹ̀ pátápátá". Obìnrin yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ sọ, èwo lẹ rò pé ó rọ̀ yín lọ́rùn jù láti yí díẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun lè máa tú ọ̀rá kékeré kan ṣoṣo sí i dípò méjì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ṣé èyí nìkan ni. Obìnrin náà ní, "Láti odo dé mẹ́wàá, báwo ló ṣe dá yín lójú tó pé ẹ máa lè ṣe é?" Ó ní méje. Obìnrin náà ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ méje, tẹ́ ò sọ mẹ́rin?"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní torí pé ọwọ́ òun lòun fi ń tú u, kò sẹ́ni tó ń bá òun tú u. Ó ní torí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá wa, òun lòun sì máa ń gbé bàbá lọ sí balùwẹ̀, òun ò fẹ́ kọ́mọ òun gbé òun báyẹn. Ẹ̀yin ará mi, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi yìí ò sọ nǹkan yẹn fún mi rí láti ìgbà tá a ti sin bàbá wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sọ̀rọ̀ oògùn, obìnrin náà ní kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe tó bá délé láàárọ̀, ó ní òun á bọ́ bàtà iṣẹ́, ó ní "níbo wá ni ike oògùn yẹn máa wà?" Ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun á gbé e sórí àgbékà bàtà, ibi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó. Gbogbo ìpè yẹn ò ju ìṣẹ́jú 22 lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ó wọn ìfúnpá ẹ̀ nílé lẹ́yìn tó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó jẹ́ 136 lórí 84. Mi ò sọ pé iyọ̀ nìkan ló fà á o, oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ báyìí ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ọdún méjì ni oògùn yẹn fi wà nílé tí ò lò ó.

Ìbéèrè "kí ló dé tí ò fi jẹ́ mẹ́rin" yẹn, kì í ṣe àwàdà, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé kí ló dé tí ò fi jẹ́ mẹ́wàá, àwáwí ló máa kó jáde, á sọ gbogbo ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò fi kéré jù báyẹn lọ, òun fúnra ẹ̀ ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà. Ọ̀rọ̀ téèyàn bá sì fẹnu ara ẹ̀ sọ, ó máa ń wúwo sí i létí ju èyí tí nọ́ọ̀sì bíi tèmi bá sọ lọ. William R. Miller tó jẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ló kọ́kọ́ kọ nípa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1983, àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ló ń tọ́jú nígbà yẹn, lẹ́yìn náà lòun àti Stephen Rollnick jọ mú un gbòòrò. Wọ́n ti rí i pé bí wọ́n bá ṣe ń fi ọ̀rọ̀ le ọ̀mùtí tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gbèjà ìgò ẹ̀ tó. Òun ló wá di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì ìlera lónìí.

Ó dáa, ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, torí lónìí wọ́n á gbọ́ pé ètò ìlera níbi iṣẹ́ ò wúlò, lọ́la wọ́n á gbọ́ pé ó ń pa owó mọ́, òótọ́ sì wà nínú méjèèjì. Yunifásítì Illinois tó wà ní Urbana-Champaign ṣe ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, òṣìṣẹ́ 4,834 ló forúkọ sílẹ̀, wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín wọn, apá kan rí ètò náà gbà, apá kejì ò rí i gbà. Lẹ́yìn ọdún kan, owó ìtọ́jú àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ síra, lílọ sí jíìmù wọn ò yàtọ̀, ohun tó kàn pọ̀ sí i díẹ̀ ni àwọn tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó tún jáde níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ni pé àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀, tí wọn ò náwó púpọ̀ sórí ìtọ́jú, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó yọjú síbi ètò náà. Ìkejì ẹ̀ ni ti ilé ìtajà BJ's Wholesale Club, ẹ̀ka 160, òṣìṣẹ́ bí 33,000, wọ́n ṣẹ́ gègé mú ẹ̀ka 20 tí wọ́n máa ṣe ètò náà fún, onímọ̀ oúnjẹ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn olùwádìí méjì, Zirui Song àti Katherine Baicker, gbé àbájáde ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní oṣù kẹrin 2019. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn sọ pé àwọn ń ṣe eré ìdárayá sí i, pé àwọn ń ṣọ́ bí àwọn ṣe sanra tó, àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn, tí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n wo iye ọjọ́ tí wọn ò wá síṣẹ́ àti owó ọsibítù, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí.

Mo ti rí àwọn tó kà á débẹ̀ tí wọ́n sì pa ìwé dé. Ẹ má tíì pa á dé, ẹ wo irú ètò tó jẹ́ ná. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ètò gbogbogbòò, àyẹ̀wò, kíláàsì, ìdíje, ohun kan náà fún ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá àti ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti ń gòkè. Kò jọ ẹnì kan tó jókòó ti ẹnì kan fún oṣù mélòó kan lórí ìṣòro kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ti PepsiCo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Pepsi, ètò tiwọn pín sí méjì, wọ́n sì fi ọdún méje tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní oṣù kìíní 2014. Apá kan jẹ́ ti àwọn tó ti ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn lórí àìsàn náà, apá kejì jẹ́ ti ìgbé ayé lásán, bíi kéèyàn dín sísanra kù, kéèyàn yéé mu sìgá, kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Apá ti àwọn tó ní àìsàn, dọ́là kan tí wọ́n ná síbẹ̀ mú dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì 80 wọlé. Apá kejì, dọ́là kan mú sẹ́ńtì 50 péré wọlé, ìyẹn ni pé owó wọn ò tiẹ̀ pé.

Èyí tó dá mi lójú jù lọ nínú gbogbo ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, Diabetes Prevention Program ni, ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2002. Èèyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń kanlẹ̀kùn wọn àmọ́ tí ò tíì wọlé. Wọ́n fún àwọn kan ní metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú, wọ́n wá fún àwọn kan ní kóòṣì, kálukú pẹ̀lú kóòṣì tiẹ̀, ẹ̀kọ́ 16 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń rí ara wọn lóṣooṣù. Kí ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó wọ̀n tó 90 kílò, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀. Oògùn dín iye àwọn tó kó sínú ìtọ̀ ṣúgà kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ní kóòṣì, ìdá 58 ló fi dín kù. Nínú àwọn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tó ìdá 71. Látinú ìwádìí yìí ni CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ti yọ ètò ọlọ́dún kan tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sanwó ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn lónìí, lifestyle coach ni wọ́n sì ń pe ẹni tó ń darí ẹ̀.

Torí náà tí ọ̀gá kan bá ń sọ pé kóòṣì máa dá gbogbo owó padà sápò ilé iṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹni tó wúlò fún jù ni ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ti gòkè, tí ṣúgà ẹ̀ ti ń rìn, tí sìgá ti wọ̀ lẹ́wù, tó ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe tí kò sì rí i ṣe. Ẹni tí ara ẹ̀ le koko, tó ń sáré láàárọ̀, tó bá wù ú kó gbà á, àmọ́ òun kọ́ ló ṣe pàtàkì sí.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá kù, ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù, ẹ̀rù yẹn sì tọ́, torí ọ̀pọ̀ wa ni ìwé ìgbélùú wa so mọ́ iṣẹ́. Tí ètò náà bá wà lábẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera ilé iṣẹ́ yín, òfin HIPAA, tó wà fún àṣírí ọ̀rọ̀ ìlera, dáàbò bo ọ̀rọ̀ yín. Òfin ADA, tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, náà tún sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ sí fáìlì iṣẹ́ ẹ̀, àròpọ̀ nìkan ló yẹ kí ọ̀gá rí, bíi kí wọ́n sọ pé nínú òṣìṣẹ́ 400, báyìí báyìí ni ìfúnpá wọn ga, láìsí orúkọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ áàpù lásán tí ilé iṣẹ́ rà, tí kò sí lábẹ́ ìnṣọ́ránsì, HIPAA lè má dé ibẹ̀, torí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀: ṣé abẹ́ ìnṣọ́ránsì ló wà, ta ló ń gba kóòṣì yìí síṣẹ́, kí ni HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, máa rí? Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì kí ìdáhùn wọn lè wà lákọsílẹ̀. Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tí fọ́ọ̀mù bá ń béèrè àìsàn tí bàbá tàbí màmá yín ní, òfin GINA ti 2008, tó jẹ mọ́ àìsàn àjogúnbá, ò gbà kí wọ́n torí ẹ̀ fún yín lẹ́bùn tàbí fi dù yín, ẹ lè fò ó, ẹ̀bùn yín ò sì ní sọnù.

Lórí owó ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń dín kù yẹn, òfin ìlera ti 2010 gbà wọ́n láyè láti fi tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnṣọ́ránsì ṣe ẹ̀bùn tàbí ìjìyà, ti sìgá lè tó 50. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí ìfúnpá yín wálẹ̀ dé ibì kan kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀bùn, tí kò sì wálẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ọ̀nà míì tẹ́ ẹ lè gbà rí ẹ̀bùn yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà bíbá kóòṣì sọ̀rọ̀ ni ọ̀nà ọ̀hún. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti ń yọ owó yẹn lára owó oṣù wọn láti ọdún tó pẹ́, torí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé wọ́n lè béèrè ọ̀nà míì.

Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà náà máa ń bi mí, torí wọ́n ń ṣe wellness day ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l'Ékòó, kánópì, tíṣáàtì, wọ́n á jó aerobics, wọ́n á wọn ìfúnpá, wọ́n á gún ìka wo ṣúgà. Ó dáa, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, èèyàn tí ò mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ta ló ń pe ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 170 lórí 100? Òfin ìnṣọ́ránsì ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ti sọ ìnṣọ́ránsì di dandan, HMO, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ìlera, sì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, mo gbà pé tí ilé iṣẹ́ kan bá lè mú nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní kíníìkì wọn, kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n fún un láàyè láti máa pe ogún èèyàn tí tiwọn le jù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ó máa wúlò ju tíṣáàtì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ care, láti 2020 ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England ti ń sanwó fún health and wellbeing coach ní àwọn kíníìkì GP, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní rìsẹ́ṣọ̀n bóyá tiyín ní.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú o. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara ẹ̀ ní health coach, ẹni tó ń ta tíì tó ń jẹ́ kí ikùn wálẹ̀ lórí WhatsApp náà ń pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. L'Amẹ́ríkà, ìdánwò kan wà tí National Board for Health and Wellness Coaching ń ṣe láti ọdún 2017, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún dókítà, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ kóòṣì bóyá ó ti ṣe é. Àmọ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n látinú ìpè àkọ́kọ́ náà: tó bá ń sọ̀rọ̀ ju yín lọ, tó bá ní nǹkan tó fẹ́ tà, tó bá ń dá yín lẹ́bi, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Fún ẹ̀yin tí màmá tàbí bàbá yín wà lọ́dọ̀ yín l'Amẹ́ríkà níbí, tí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ètò tó jáde látinú ìwádìí 2002 yẹn ti wà nínú Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbà, láti oṣù kẹrin 2018. Tí wọ́n bá ní Part B, ìyẹn apá Medicare tó ń sanwó dókítà, tí wọ́n sanra díẹ̀, tí A1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bá wà láàárín 5.7 sí 6.4, tí wọn ò sì tíì ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn nígbà tẹ́ ẹ bá tún mú wọn lọ, ẹ pè é ní Medicare Diabetes Prevention Program, kí wọ́n lè wá èyí tó sún mọ́ ilé yín. Tí èdè Òyìnbó ò bá yọ̀ mọ́ màmá lẹ́nu, ẹ ti sọ fún àwọn tó ń ṣe ètò náà ṣáájú pé ẹ máa bá màmá jókòó síbẹ̀.